Áàpù àti Àmì Ohùn: Ẹ̀bi Ta Ni?

Ní agbègbè Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, àdúgbò kan wà tí wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ báyìí pé Ire-Akari. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí lára pátákó, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lójú fóònù: lẹ́tà nìkan, láìsí àmì kankan. Òǹkàwé tí ó gbọ́ Yorùbá lè kà á ní ọ̀nà méjì. Ó lè pè é ní Ire Á Kárí, gbólóhùn tí ó ń ṣèlérí pé ire yóò dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn. Ó sì lè pè é ní Ire Àkárí, ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ irú ire tí ire náà jẹ́. Ìlérí ni ti àkọ́kọ́, àpèjúwe ni ti èkejì. Ohun tí ó yà wọ́n kò ju àmì kan ṣoṣo lórí lẹ́tà a lọ, àmì náà gan-an ni kò sì sí níbẹ̀.

Bí ènìyàn bá béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń kọ áàpù fún fóònù, ìdáhùn wọn kò gùn. Wọn a ní àmì a máa da áàpù rú. Wọn a ní bí àmì bá wà lórí orúkọ, áàpù kì í rí orúkọ náà wá. Bí ó bá sì rí i, lẹ́tà a di àpótí òfìfo lójú fóònù. Bí wọ́n bá sì fi í ránṣẹ́, owó àtẹ̀jíṣẹ́ a di ìlọ́po. Nítorí náà wọn a bọ́ àmì kúrò lára ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó fi í sínú iṣẹ́ wọn, bí ẹni ń bẹ èèpo iṣu, wọn a sì sọ pé àtúnṣe ni àwọn ṣe. Èyí ni àtúnṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ, òun náà ni ó sì burú jù lọ. Àwọn àléébù tí wọ́n ń kà sílẹ̀ wà lóòótọ́, kò sí ẹni tí ó lè sẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àkọtọ́ Yorùbá ni ó bí wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó ní ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ; ó ní ìdí, ó sì ní oògùn, púpọ̀ nínú oògùn náà ni ó sì ti wà nílẹ̀ kí àwọn áàpù wọ̀nyí tó dáyé.

Ẹ̀sùn náà kì í ṣe tuntun. Láti ìgbà tí Samuel Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843 ni àwọn tí ń kọ èdè yìí sílẹ̀ ti ń jiyàn lórí àmì. Ìpàdé tí C.M.S. ṣe ní Èkó ní 1875 fìdí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ múlẹ̀. Ìgbìmọ̀ ọdún 1966 àti àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 tún un ṣe. Nígbà tí taipuráítà gba gbogbo ọ́fíìsì, àwọn akọ̀wé a máa tẹ e, o àti s lásán, wọn a yọ ìwé kúrò nínú ẹ̀rọ, wọn a sì fi kálàmù sàmì sí abẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tí ó lè bá wọn wí, nítorí ẹ̀rọ náà kò ní lẹ́tà tí wọ́n ń wá. Níbi yìí ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ sí ti òde òní. Fóònù tí ó kéré jù lọ nínú àwọn tí ń lo áàpù lónìí ní gbogbo lẹ́tà àti àmì tí Yorùbá ń fẹ́. Akọ̀wé àtijọ́ kò rí i lò. Ẹni tí ń kọ áàpù rí i, ó sì yàn láti má lò ó.

Ká ní ẹgbẹ́ onílé ní irú àdúgbò bí Ire-Akari ń fẹ́ áàpù kan fún ẹnu géètì wọn. Irú áàpù bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì ní Èkó mọ́. Onílé yóò kọ orúkọ àlejò tí ó ń retí sínú fóònù tirẹ̀. Nígbà tí àlejò bá dé, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì yóò wá orúkọ náà nínú fóònù tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sì ṣí géètì. Onílé kọ Ṣẹ́gun. Ẹ̀ṣọ́ tẹ Ṣẹ́gun. Áàpù dáhùn pé kò sí ẹni tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àlejò dúró sínú oòrùn, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú fóònù méjèèjì, àmì rẹ̀ pé pérépéré, kò sì sí ojú tí ó lè rí ìyàtọ̀ láàrin ọ̀kan àti èkejì.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà, nọ́ńbà ni ó mọ̀. Unicode, ìlànà tí ó fún lẹ́tà àwọn èdè ayé ní nọ́ńbà tiwọn, jáde ní 1991, nígbà tí ó sì di 1993, ẹ, ọ àti ṣ ti ní àyè nínú rẹ̀. Àwọn ará Vietnam náà ń kọ ẹ àti ọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn ni àmì abẹ́ dúró fún lọ́dọ̀ tiwọn. Àwọn ará Poland sì ń kọ ń. Ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ó jẹ́ tiwọn. Lẹ́tà yóò kọ́kọ́ jókòó, àmì ohùn yóò wá gùn ún bí ẹni gẹṣin. Nítorí èyí, ọ̀nà mẹ́rin ni ẹ̀rọ lè gbà kọ ẹ́. Ó lè fi ẹ ṣáájú kí ó sì gbé àmì òkè lé e. Ó lè fi é ṣáájú kí ó sì fi àmì abẹ́ sí i. Ó sì lè kọ e lásán, kí ó fi àmì abẹ́ sí i kí ó tó gbé ti òkè lé e, tàbí kí ó fi ti òkè ṣáájú ti abẹ́. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Lójú kọ̀ǹpútà tí wọn kò bá kìlọ̀ fún, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Kíbọ́ọ̀dù onílé kọ ọ́ ní ọ̀nà kan, kíbọ́ọ̀dù ẹ̀ṣọ́ kọ ọ́ ní ọ̀nà mìíràn, àlejò sì wà ní ìta.

Ohun tí ó tún ń mú kí àléébù yìí ṣòro láti rí mú ni pé kì í hàn níbi gbogbo. Swift, èdè tí wọ́n fi ń kọ áàpù fún iPhone, yóò ka ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ọ̀kan náà bí wọ́n bá ní kí ó fi orúkọ méjì wé ara wọn. Java àti Kotlin tí wọ́n fi ń kọ ti Android kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà ni wọ́n ń fi wé nọ́ńbà. Ó lè ṣẹlẹ̀ nígbà náà pé áàpù kan náà yóò ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́wọ́ ẹni tí ó ni iPhone, yóò sì kùnà lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ tí ó ní Android olówó kékeré. Ẹni tí ó kọ áàpù yóò dán an wò lórí iPhone tirẹ̀, yóò rí i pé kò sí nǹkan kan, yóò sì sọ pé ẹ̀ṣọ́ ni kò mọ̀ ọ́n tẹ̀. Oògùn rẹ̀ kò ju ìlà kóòdù kan lọ. Java ti ní Normalizer láti 2006, JavaScript sì ti ní normalize láti 2015. Iṣẹ́ wọn ni láti sọ ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di ọ̀kan kí orúkọ tó wọ ibi ìpamọ́, kí wọ́n sì ṣe bákan náà fún ohun tí ẹ̀ṣọ́ tẹ̀ kí ìwákiri tó bẹ̀rẹ̀. Ẹnu méjèèjì ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti ṣe é. Ẹni tí ó bá ṣe é ní ẹnu kan kò tíì ṣe nǹkan kan.

Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kan a máa sọ pé ohun tí ó yẹ kí Yorùbá jà fún ni pé kí Unicode fún ẹ́ àti ọ̀ ní nọ́ńbà tiwọn bí ó ti fún é àti ò. Ìfẹ́ èdè ni ó ń mú wọn sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìjà asán ni. Láti 2001 ni Unicode ti ti ilẹ̀kùn yẹn, kí ohun tí wọ́n ti kọ pamọ́ tẹ́lẹ̀ má bàa di ohun mìíràn. Bí wọ́n bá tilẹ̀ fún wọn ní nọ́ńbà tuntun lónìí, òfin náà yóò tún tú wọn sí lẹ́tà àti àmì. Ọ̀nà karùn-ún ni wọn yóò kàn fi kún mẹ́rin. Kò sì sí ìtìjú nínú pé kí lẹ́tà kan ní nọ́ńbà méjì. Ẹni tí ó bá mọ gírámà Yorùbá kò gbọdọ̀ yà á lẹ́nu pé ohùn dá dúró lọ́tọ̀ sí fáwẹ̀lì tí ó gbé e. Ohun tí àwọn onímọ̀ èdè ti ń sọ ní kíláàsì láti ọjọ́ pípẹ́ ni ẹ̀rọ náà ń ṣe.

Bí wọ́n ṣe ń wá àléébù ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ dúró lé díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Lẹ́tà tí ó bá wọ inú áàpù ń rìn. Ó ti kíbọ́ọ̀dù wọ inú áàpù, ó gba orí íntánẹ́ẹ̀tì dé kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń kó orúkọ pamọ́ sí, ó sì tún padà gba ọ̀nà kan náà wá sí ojú fóònù ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí ó ti ṣubú gbọ́dọ̀ bá a rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. Ní ibùdó kọ̀ọ̀kan kí ó tẹ nọ́ńbà lẹ́tà náà jáde, kì í ṣe lẹ́tà náà fúnra rẹ̀, nítorí ojú a máa tan ènìyàn jẹ nínú ọ̀ràn yìí. Ibi tí nọ́ńbà bá ti yí padà ni àléébù wà. Kí ó má sì ṣe yí ohun méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà; bí áàpù bá sàn lẹ́yìn oògùn méjì, kò ní mọ èyí tí ó wò ó sàn, yóò sì máa lo méjèèjì títí ayé.

Àmì àìsàn mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀, wọn kì í sì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Bí àpótí òfìfo bá wà níbi tí lẹ́tà yẹ kí ó wà, fọ́ǹtì ni kò ní àwòrán lẹ́tà náà. Lẹ́tà náà ń bẹ láàyè nísàlẹ̀, fọ́ǹtì mìíràn yóò sì gbé e jáde. Bí ó bá jẹ́ á, º àti ¹ ni ó tò tẹ̀lé ara wọn níbi tí ẹ yẹ kí ó wà, ẹnì kan ti ka UTF-8 bí ẹni pé kì í ṣe UTF-8. Ẹyọ mẹ́ta ni ẹ ń gbà nínú ìkọ̀wé yẹn, ẹni tí ó kà á sì ti ka ẹyọ kọ̀ọ̀kan sí lẹ́tà kan. Èyí náà ṣe é wò, bí wọ́n bá tètè mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ àmì ìbéèrè ni ó wà níbẹ̀, tí ó sì wà bẹ́ẹ̀ nínú ibi ìpamọ́ fúnra rẹ̀, lẹ́tà náà ti kú. Ibi ìpamọ́ tí wọ́n ṣe fún lẹ́tà àwọn ará Úróòpù nìkan ni ó gbà á wọlé, kò mọ̀ ọ́n, ó sì fi àmì ìbéèrè rọ́pò rẹ̀. Ọ, Ẹ àti Ṣ á di ohun kan náà, kò sì sí ọgbọ́n tí ó lè mọ èyí tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ṣe ni láàánú pé lójú ẹni tí kò fara balẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ara wọn, ìdájọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń ṣe fún wọn: ẹ yọ àmì.

Ọ̀rọ̀ ìwákiri ni ó gba àròjinlẹ̀ jù. Àwọn tí ń gbèjà yíyọ àmì ní àwíjàre kan tí ó lágbára, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú fò ó: àwọn Yorùbá fúnra wọn kì í fi àmì sí ohun tí wọ́n ń tẹ̀ sórí fóònù. Òótọ́ ni. Ìwé Yorùbá ìgbà àtijọ́ pàápàá kò fi àmì ohùn sí gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹ̀ṣọ́ tí àwọn ọkọ̀ ń fọn fèrè sí létí yóò tẹ segun, kì yóò dúró wá àmì. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn ń tẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí ó lè kà. Ẹni tí ó tẹ oko lè máa wá oko tí a ń ro, tàbí ọkọ́ tí a fi ń ro ó, tàbí ọkọ ìyàwó, tàbí ọkọ̀ tí ń lọ sí Òṣòdì, tàbí ọ̀kọ̀ tí ọdẹ ń sọ. Áàpù tí ó gbọ́n yóò ní ohun méjì lọ́wọ́: ọ̀rọ̀ náà bí ó ti yẹ kí ó rí, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, àti ẹ̀dà kan tí kò ní àmì, tí ojú ènìyàn kì yóò rí, fún ìwákiri nìkan. Yóò fi oko wá gbogbo wọn, yóò fi àmì wọn hàn, ẹni tí ń wá a yóò sì yan èyí tí ó fẹ́. Bí ẹni náà bá sì fi ara balẹ̀ tẹ ọkọ̀ pẹ̀lú àmì, ọkọ̀ ni yóò ṣáájú. Bẹ́ẹ̀ ni áàpù ṣe lè gba ìkánjú ẹ̀ṣọ́ láìjẹ́ pé ó sọ orúkọ àlejò nù. Ohun tí àwọn tí ń yọ àmì ṣe ni pé wọ́n fi ẹ̀dà ìwákiri rọ́pò ojúlówó, wọ́n sì da ojúlówó nù.

Àwọn kan sì ń retí pé ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ yóò dá ohun tí wọ́n yọ padà. Iṣẹ́ gidi wà lórí èyí. Túndé Adégbọlá àti àwọn tí wọ́n jọ wà ní Alt-i ní Ìbàdàn ti ṣe wàhálà púpọ̀ lórí Yorùbá àti kọ̀ǹpútà. Ní 2018, Iroro Orife gbé iṣẹ́ jáde lórí bí ẹ̀rọ ṣe lè kọ́ láti fi àmì padà sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá. Iṣẹ́ tí ó yẹ fún ìyìn ni. Ṣùgbọ́n ohun tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń ṣe ni pé ó ń wo ọ̀rọ̀ tí ó yí ọ̀rọ̀ kan ká, ó sì ń fi ìyẹn mọ àmì tí ó yẹ ẹ́. Orúkọ ènìyàn lórí áàpù kò ní ọ̀rọ̀ kankan tí ó yí i ká. Ire-Akari lára pátákó kò ní. Ẹni tí ó ni orúkọ nìkan ni ó mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí ó fi tọ́ kí áàpù gba àmì lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. YorubaName, ìwé orúkọ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí Kọ́lá Túbọ̀sún bẹ̀rẹ̀ ní 2015, gba ọ̀nà yìí: orúkọ pẹ̀lú àmì rẹ̀ ni ó ń tò, ẹni tí kò fi àmì tẹ̀ ẹ́ náà sì ń rí i.

Kí ó tó di pé áàpù gba orúkọ lọ́wọ́ ẹni, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà pé orúkọ ni. Àwọn fọ́ọ̀mù kan wà tí wọn a dáhùn pé orúkọ tí ènìyàn tẹ̀ kò tọ̀nà nígbà tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ọ tàbí Ṣ. Ẹni tí ó kọ fọ́ọ̀mù náà ti pàṣẹ pé láti A dé Z nìkan ni lẹ́tà mọ. Gbogbo èdè tí wọ́n fi ń kọ áàpù ni ó ní ọ̀nà láti sọ pé lẹ́tà èyíkéyìí, àti àmì èyíkéyìí tí ó gùn ún, lè wọlé. Ó ṣòro láti ronú ohun tí ó lè tàbùkù ènìyàn ju kí ẹ̀rọ sọ fún un ní ìlú rẹ̀ pé orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ kì í ṣe orúkọ.

Kíka lẹ́tà tún wà. Lẹ́tà márùn-ún ni Ṣẹ́gun. Kọ̀ǹpútà lè kà á sí mẹ́fà bí ó bá fún ẹ àti ṣ ní nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, ó sì lè kà á sí mẹ́jọ bí ó bá tú gbogbo àmì sílẹ̀. Bí áàpù bá wá ní kí orúkọ má ju iye kan lọ, tí ó sì gé ohun tí ó lé, ó lè gé àmì kúrò lórí lẹ́tà, orúkọ náà á sì parí sí ohùn tí kì í ṣe tirẹ̀. Irú èyí náà ni ti bọ́tìnnì ìparẹ́ tí ènìyàn yóò tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí àmì ohùn nìkan yóò lọ, tí lẹ́tà yóò dúró. Ohun tí ẹ̀rọ yẹ kí ó kà ni ohun tí ojú ènìyàn ń kà.

Ti fọ́ǹtì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn tí ń ṣe áàpù fẹ́ràn fọ́ǹtì tí ó rẹwà, èyí tí ó rẹwà kì í sì í sábà ní ibi tí àmì yóò jókòó sí. Àmì á fò lọ sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí ẹ̀rọ yá lẹ́tà láti inú fọ́ǹtì mìíràn, tí ẹ kan ṣoṣo yóò sì sanra láàrin àwọn tín-ín-rín. Noto ti Google, àti Gentium àti Charis ti SIL, kò ní àléébù yìí, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n. Ohun tí àwọn ènìyàn kì í kíyè sí ni gíga ìlà. Ọ̀ ní àmì lókè, ó ní lábẹ́. Bí wọ́n bá fún ìlà ní ààyè tí ó tó fún lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì nìkan, orí rẹ̀ á gé. Lórí Android, ẹni tí ó bá pa includeFontPadding nítorí kí ọ̀rọ̀ lè bọ́ sí àárín bọ́tìnnì ni ó sábà máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé e. Kí ó yá fóònù ẹ̀ṣọ́ wò. Lórí kọ̀ǹpútà ńlá tí ó fi ń ṣiṣẹ́, kò ní rí i.

Àtẹ̀jíṣẹ́ ni ẹ̀sùn tí ó ní owó nínú, a kò sì lè fi ìfẹ́ èdè nìkan dáhùn rẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan gba lẹ́tà 160 bí gbogbo wọn bá wà nínú àtòjọ kékeré tí àwọn ará Úróòpù ṣe fún fóònù. à, è, ì, ò, ù àti é wà nínú àtòjọ náà. á, í, ó àti ú kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹ, ọ àti ṣ. Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn tí kò sí yìí bá wọ inú ìwé náà, gbogbo rẹ̀ á yí padà, 160 á di 70. Ìwé tí ó ní lẹ́tà 150, tí ó jẹ́ ẹyọ kan tẹ́lẹ̀, á di mẹ́ta, nítorí bí wọ́n bá pín in, 67 péré ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan ń gbà. Ẹgbẹ́ onílé tí ń fi ìwé ránṣẹ́ sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé yóò mọ ìyẹn lára. Bí owó bá fi agbára mú wọn láti fi ìwé tí kò ní àmì ránṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò lè dá wọn lẹ́bi, bí wọ́n bá ṣáà ti yọ àmì náà ní ẹnu ọ̀nà ìjáde nìkan, tí ojúlówó wà ní ìpamọ́. Ìkìlọ̀ tí áàpù fúnra rẹ̀ ń gbé jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò sí lábẹ́ òfin 70 yẹn rárá. Ẹni tí ó bá bọ́ àmì kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú, tí ó sì ń sọ̀rọ̀ owó, ó yẹ kí wọ́n bi í pé owó wo.

Títò orúkọ lẹ́sẹẹsẹ rọrùn ju bí wọ́n ti rò lọ. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ fún ìlànà Gẹ̀ẹ́sì, Ṣadé yóò wọ àárín àwọn S, Gbádébọ̀ yóò sì ṣáájú Gíwá, èyí tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ̀ pé kò tọ́, nítorí lẹ́tà gb ń bọ̀ lẹ́yìn g. Ìlànà títò ti Yorùbá wà nínú CLDR tí fóònù ń lò. Kí wọ́n sáà pe orúkọ èdè náà, yo, ó parí.

Èdè tí áàpù fúnra rẹ̀ ń sọ kò gbọdọ̀ bọ́ lọ́wọ́ alárìíwísí. Ẹni tí ó bá túmọ̀ save sí gbà là ti sọ orúkọ àlejò di ẹlẹ́ṣẹ̀ tí ń wá ìgbàlà. Fi pamọ́ ni ó tọ́. Áàpù tí ó bá kọ Tẹ orúkọ rẹ síbí fún ìyá àgbà tí ó ni ilé kò tíì mọ ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ tẹ orúkọ yín síbí ni Yorùbá ń sọ, kò sì sí ẹni tí yóò bínú pé wọ́n bọ̀wọ̀ fún òun jù. Gbólóhùn tí wọ́n bá gé sí wẹ́wẹ́ nínú kóòdù, tí wọ́n wá so pọ̀ bí Gẹ̀ẹ́sì ti ń so ó, yóò di 3 àlejò níbi tí ó yẹ kí ó jẹ́ àlejò 3. Kí wọ́n gbé odindi gbólóhùn fún ẹni tí ń túmọ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí òun sọ ibi tí nọ́ńbà yóò wà. Àṣìṣe kan sì tún wà níhìn-ín tí ó ń da ọ̀pọ̀ láàmú: wọn a kọ gbólóhùn kan fún àlejò kan, wọn a kọ òmíràn fún àlejò púpọ̀, èkíní kì í sì í jáde láéláé. Kò bàjẹ́. Yorùbá kì í yí ọ̀rọ̀-orúkọ padà nítorí iye, àwọn tí ó kọ òfin náà sínú CLDR sì mọ̀ bẹ́ẹ̀; ipò kan ṣoṣo ni wọ́n fún Yorùbá, òun náà sì ni other.

Ó ku ọ̀kan tí àwọn tí ń ṣe áàpù ní Èkó kì í rántí, bẹ́ẹ̀ ni Èkó kò jìnnà sí ààlà. Àlejò tí ó bá ti Kétu tàbí Sábẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin wá lè fi ɛ kọ ẹ, kí ó fi ɔ kọ ọ, kí ó sì fi sh kọ ṣ, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àkọtọ́ tiwọn wí. Orúkọ inú ìwé ìrìnnà rẹ̀ sì lè jẹ́ ti Faransé, tí ṣ ti di ch, tí u ti di ou. Yorùbá kan náà ni. Nọ́ńbà ɛ kò sì ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ. Normalizer kò ní dá wọn pọ̀, nítorí lẹ́tà ọ̀tọ̀ ni wọ́n lóòótọ́. Ẹ̀dà ìwákiri ni ibi tí wọ́n lè ti pàdé: kí áàpù sọ ɛ di e, ɔ di o, sh àti ch di s, ou di u, nínú ẹ̀dà tí ẹnikẹ́ni kò ní rí, kí ó sì ṣe bákan náà fún ohun tí ẹ̀ṣọ́ bá tẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣe èyí yóò rí i pé ó ti wo àìsàn kan tí ó súnmọ́ ilé sàn pẹ̀lú rẹ̀, nítorí sh ni àwọn ará ìṣáájú fi kọ Oshodi, bẹ́ẹ̀ ni ó sì wà lára gbogbo pátákó títí di òní. Ẹni tí ó bá tẹ Òṣòdì, Oshodi tàbí Osodi yóò dé ibì kan náà.